Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Lourdes Portillo, Obìnrin tó fi Kámẹ́rà Wá Àwọn tó Sọnù

Ta ni Lourdes Portillo?

Olùdarí fíìmù ni, ọmọ bíbí ìlú Chihuahua ní àríwá Mẹ́síkò. Ọdún 1943 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Los Angeles, ṣùgbọ́n San Francisco ni ó fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ní ẹni 80 ọdún.

Ó lé ní ogójì ọdún tó fi gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba ti ní kí wọ́n panu mọ́: ìyá tí sójà gbé ọmọ rẹ̀ lọ tí kò padà, obìnrin tó sá kúrò nílùú rẹ̀ tó wá ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà, òbí tí ọmọ rẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n wá rí òkú rẹ̀ nínú yanrìn aṣálẹ̀. Dọ́kúméńtárì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn fíìmù tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ti ń fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ṣé ọmọ Mẹ́síkò ni ká pè é ni, àbí ọmọ Amẹ́ríkà?

Chicana ni ó máa ń pe ara rẹ̀. Orúkọ tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò ń fi yangàn ni, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní àwọn ọdún 1960.

Ẹni tó kúrò nílé ní ọmọ ọdún 13 ti mọ ilé dáadáa. Ó ti mọ ìbátan, ó ti mọ òfófó àdúgbò, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòkú. Ìdí nìyẹn tí fíìmù rẹ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀ lórí ààlà: San Francisco, Oaxaca, Chihuahua, Texas. Èdè Spéènì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ nínú wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá fún èkejì.

Ibo ni ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí?

Ẹni ọdún 21 ni nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Hollywood ní kó wá ran àwọn lọ́wọ́ lórí dọ́kúméńtárì kan. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Nígbà tó dé San Francisco, ó ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní NABET, ó ń bá àwọn ọ̀gá gbé kámẹ́rà. Ó tún lọ sí San Francisco Art Institute.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ni mo kà sí jù. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin tó ń di kámẹ́rà mú lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò wọ́pọ̀, ká má tíì sọ obìnrin tó wá láti Mẹ́síkò. Nígbà tó bá ń bá ayàwòrán rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó ti fi èjìká ara rẹ̀ ru kámẹ́rà ni ó ń sọ̀rọ̀.

Fíìmù wo ni ó kọ́kọ́ ṣe?

After the Earthquake, ní 1979, tí òun àti Nina Serrano jọ darí. Eré kékeré ni, aláwọ̀ dúdú àti funfun, kì í ṣe dọ́kúméńtárì. Ọmọbìnrin Nikarágúà kan tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ní San Francisco ni ìtàn náà dá lé. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó Managua, olú-ìlú Nikarágúà, ní oṣù kejìlá ọdún 1972 ni orúkọ fíìmù náà ń tọ́ka sí, nígbà tí agbára ìlú náà ṣì wà lọ́wọ́ apàṣẹwàá Somoza.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé àwọn olóṣèlú ò pọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kan ni a rí tó ń wá owó, tó ń ro bí òun yóò ṣe gbé ayé òun, tí ọkùnrin tó fẹ́ ẹ nílé sì wá bá a pẹ̀lú ọgbẹ́ tí ìjọba dá sí i lára. Láti inú ilé ni Portillo ti ń wo òṣèlú. Kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú.

Ta ni àwọn Ìyá Plaza de Mayo tí fíìmù rẹ̀ sọ di mímọ̀?

Ní oṣù kẹta ọdún 1976, àwọn ológun gba ìjọba ní Ajẹntínà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn ọ̀dọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí gbé. Wọn kì í gbé wọn dé kóòtù, wọn kì í sì í kó òkú wọn fún ẹbí. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba alágbádá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn wọn kọ orúkọ 8,961 sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní wọ́n tó 30,000.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1977, ìyá mẹ́rìnlá kó ara wọn jọ sí ojúde Plaza de Mayo ní Buenos Aires, níwájú ilé ìjọba, láti bèèrè ọmọ wọn. Ọlọ́pàá ní òfin kò gba kí ènìyàn dúró lọ́pọ̀ sójú kan, kí wọ́n máa rìn. Wọ́n bá ń rìn ní méjì méjì, wọ́n ń yí ojúde náà po. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá fi ṣe ọjọ́ wọn, wọ́n sì fi gèlè funfun ṣe àmì, èyí tó jẹ́ pé nápíìnì ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wé e.

Yorùbá ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ohun tí àwọn ìyá yìí ń bá yí nìyẹn lójoojúmọ́. Kí ọdún 1977 tó parí, wọ́n jí Azucena Villaflor, tó kó wọn jọ, gbé lọ. Ọdún 2005 ni wọ́n tó mọ egungun rẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ àwọn yòókù ò dáwọ́ ìrìn dúró.

Báwo ni Las Madres, fíìmù nípa àwọn ìyá náà, ṣe wáyé?

Portillo àti Susana Blaustein Muñoz, ọmọ Ajẹntínà, ni wọ́n jọ ṣe é. Ó jáde ní 1985, nígbà tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán. Wọ́n yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Oscar ti dọ́kúméńtárì ní 1986. Kò gbà á, ṣùgbọ́n yíyàn náà gbé ohùn àwọn ìyá dé ibi tí wọn kò lè dé fúnra wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe jẹ́ kí àwọn ìyá náà sọ̀rọ̀. Wọn ò sáré já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyá kan yóò mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ dání, yóò sọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn, kó tó wá sọ alẹ́ tí wọ́n wọlé wá mú un. Kí wọ́n tó dé ibi ìjínigbé, ẹ ti mọ ọmọ náà.

Ṣé ọ̀rọ̀ ikú nìkan ni ó ń fi ṣe fíìmù ni?

Rárá. Ní 1992, nígbà tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ 500 ọdún tí Columbus gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti àwọn aláwàdà Culture Clash ṣe Columbus on Trial. Nínú rẹ̀, wọ́n gbé Columbus dìde láti inú ikú, wọ́n wọ́ ọ lọ sí kóòtù òde òní láti wá jẹ́jọ́ ohun tó ṣe fún àwọn onílẹ̀. Ẹ̀rín ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún ṣe Vida, fíìmù kékeré láti la àwọn obìnrin Látínà lọ́yẹ̀ nípa àrùn éèdì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń rò pé àrùn ọkùnrin ni.

Ṣé ọdún àwọn òkú inú fíìmù rẹ̀ La Ofrenda kò jọ ọdún Egúngún?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó bá wò ó ló ń bèèrè èyí. Méjèèjì gbà pé òkú kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ètò wọn yàtọ̀. Ní Oaxaca ní Mẹ́síkò, ọjọ́ kìíní àti ìkejì oṣù kọkànlá ni, inú ilé ni wọ́n ti ń tẹ́ pẹpẹ fún òkú: òdòdó aláwọ̀ ọsàn, búrẹ́dì, àbẹ́là, fọ́tò, oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn. Òkú wá bẹ ilé rẹ̀ wò, ó sì padà. Kò sí àwọn alágbàáà tàbí ìdílé tó ni eégún bí i tiwa.

Fíìmù náà, tó jáde ní òpin àwọn ọdún 1980, tún lọ sí San Francisco, níbi tí àwọn Chicano ti gbé ọdún náà kalẹ̀ sí ilẹ̀ àjòjì. Éèdì ń pa ènìyàn nílùú náà nígbà yẹn, pẹpẹ sì di ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tí ẹbí ò fẹ́ dárúkọ.

Kí ni fíìmù El diablo nunca duerme dá lé lórí?

Lọ́jọ́ Àìkú kan ni fóònù dún fún Portillo ní San Francisco pé àǹkù rẹ̀ ní Chihuahua ti kú. Ọlọ́rọ̀ ni, àgbẹ̀ ńlá, ó sì ti ṣe òṣèlú. Wọ́n ní ó yìnbọn pa ara rẹ̀. Ẹbí ò gbà. Portillo kó kámẹ́rà, ó padà sílé lọ wádìí.

Ohun tó bá pàdé ni pé ẹnu kò kò. Ẹnìkan ní ìyàwó ló mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ owó ni, ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, àwọn kan ní àìsàn ló bò mọ́lẹ̀. Bí ó ṣe ń gbọ́ wọn ni ó ń gbé wọn kalẹ̀, ó ń fi eré telenovela orí tẹlifíṣọ̀n sí àárín, ó ń fi ilé kékeré àti ohun ìṣeré ọmọdé ṣe àwòrán ohun tí kò sí ẹni tó rí i. Fíìmù náà kò dá ẹjọ́. Nígbà tó bá parí, ikú ọkùnrin náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ bí ẹbí ńlá kan àti ìlú kan ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Ní 2020, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi fíìmù náà, tó jáde ní 1994, sínú àkójọ àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú láéláé.

Kí ló mú un ṣe fíìmù nípa olórin Selena?

Wọ́n yìnbọn pa Selena Quintanilla ní Corpus Christi, Texas, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1995. Ẹni ọdún 23 ni. Ọ̀fọ̀ náà gba gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò kan. Nínú Corpus, tó jáde ní 1999, Portillo bèèrè ohun tí ọmọbìnrin yìí jẹ́ fún àwọn ọmọdébìnrin tó ń kọrin rẹ̀. Ó fi àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì kó àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé jọ láti jiyàn. Òǹkọ̀wé Sandra Cisneros wà lára wọn, kò sì gbà pé àwòkọ́ṣe rere ni. Mo fẹ́ràn pé ó jẹ́ kí iyàn náà dúró bó ṣe wà.

Kí ni Señorita Extraviada?

Fíìmù nípa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pa ní ìlú Ciudad Juárez ni. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni, lójú tèmi. Ó jáde ní 2001, ó gba ẹ̀bùn pàtàkì ti ìgbìmọ̀ adájọ́ ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà ní 2002, tẹlifíṣọ̀n PBS sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́dún náà.

Ciudad Juárez wà ní ìpínlẹ̀ Chihuahua, odò ló pín in níyà sí El Paso ní Texas. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní maquiladora síbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ sí i lẹ́yìn NAFTA, àdéhùn òwò tí Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ṣe, ti 1994. Àwọn ọmọbìnrin láti abúlé ìhà gúúsù ni wọ́n ń gbà, owó oṣù kò tó nǹkan, iṣẹ́ alẹ́ pọ̀, ọ̀nà ilé sì ṣókùnkùn. Láti 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkú wọn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n.

Àwọn aláṣẹ ní kí àwọn òbí bi ara wọn irú aṣọ tí ọmọ wọn wọ̀ àti ibi tó lọ lóru. Ní 1995 wọ́n mú àjòjì kan, ọmọ Íjíbítì tó jẹ́ oníkẹ́míkà, wọ́n ní òun ló ń pa wọ́n. Ó wà lẹ́wọ̀n, pípa kò dúró. Wọ́n tún ní inú ẹ̀wọ̀n ló ti ń sanwó fún àwọn ọmọ ìta láti máa pa wọ́n. Portillo to gbogbo àlàyé yìí sẹ́yìn ara wọn, ó sì jẹ́ kí ẹ fúnra yín rí i pé kò sí èyí tó dúró. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí ọlọ́pàá ti mú rí jókòó, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun ní àgọ́ wọn àti fọ́tò tí wọ́n fi hàn òun. Láti ibẹ̀ lọ, ojú tí ẹ fi ń wo ọlọ́pàá inú fíìmù náà yóò yí padà.

Kí ló dé tí a kò rí òkú wọn nínú rẹ̀?

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n ti fi òkú àwọn ọmọ náà hàn tó, ìhòòhò wọn ti di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Portillo fi bàtà hàn, ó fi aṣọ hàn, ó fi fọ́tò ìgbà tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín hàn, ó fi àgbélébùú dúdú lórí àwọ̀ píǹkì tí àwọn ẹbí kùn sára òpó iná káàkiri ìlú hàn. Orin rẹ̀ jẹ́ ti ìsìn òkú inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò ṣe ìsìnkú tó yẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fíìmù náà wá ṣe é fún wọn.

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìyà ènìyàn wò dáadáa. Ẹ̀rù tó wà nínú fíìmù yìí pọ̀ ju ti èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn lọ, nítorí pé ọmọ ènìyàn ni ẹ ń wò, ẹ kì í wo òkú.

Ṣé fíìmù náà mú kí wọ́n rí àwọn apànìyàn?

Kò mú kí wọ́n rí wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìlú kan ṣoṣo, ó jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní ìlú mìíràn ní ohun tí wọ́n lè gbé síwájú ènìyàn. Ọ̀nà kóòtù lọ lọ́tọ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2001 wọ́n rí òkú obìnrin mẹ́jọ nínú oko òwú kan ní Juárez, ìyá mẹ́ta sì gbé ẹjọ́ náà títí dé Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí àwọn orílẹ̀-èdè Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà jọ gbé kalẹ̀. Ní 2009, kóòtù náà dá Mẹ́síkò lẹ́bi pé kò dáàbò bò wọ́n, kò sì wádìí ikú wọn bó ti yẹ. Àwọn ìyá ló jà tí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Ta ni ó ń bá a ṣiṣẹ́?

Kyle Kibbe ya àwòrán, Vivien Hillgrove to fíìmù pọ̀, Todd Boekelheide ṣe orin. Bí fíìmù rẹ̀ bá ń dún lọ́nà kan náà sí yín létí, ìdí nìyẹn.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò, níbo ni mo sì ti lè rí i?

Las Madres ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn rẹ̀ lọ tààrà. Kí El diablo tẹ̀ lé e. Kí ẹ fi Señorita Extraviada pamọ́ di ọjọ́ tí ọkàn yín bá le, ẹ má sì dá nìkan wò ó. Women Make Movies ní New York ni ó ń pín ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì sì ní wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bèèrè lè rí wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé onídọ́kúméńtárì kò yẹ kó dúró sáàárín, kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni?

Portillo ò fara mọ́ ìyẹn. Ohùn rẹ̀ wà nínú fíìmù, ó ń sọ ohun tó ń rò. Nígbà tí ìjọba ní ọ̀gá ọlọ́pàá, agbẹnusọ àti tẹlifíṣọ̀n, tí ìyá sì ní fọ́tò kan ṣoṣo, ẹni tó bá pín ìṣẹ́jú dọ́gba fún wọn ti gbè sẹ́yìn ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé wa pé kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ kí àwọn aláṣẹ Juárez sọ tẹnu wọn, ọ̀rọ̀ wọn fúnra wọn ló sì tú wọn fó.

Ó ti kúrò ní Chihuahua ní ọmọdé. Ẹ̀tọ́ wo ni ó ní láti wá sọ ìtàn Juárez?

Àwọn tó ń bèèrè èyí ní ẹjọ́ rere. Ó wọlé pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti Amẹ́ríkà, ó sì lè padà sí San Francisco nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ò ní ibi tí wọn yóò sá sí.

Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé jíjìnnà yẹn wúlò. Ẹni tó ń gbé Juárez tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ọlọ́pàá lè má jí lọ́jọ́ kejì. Portillo jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà, èdè wọn ni èdè rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ohun tí ìyá kan ń sọ nígbà tó bá dákẹ́. Ẹni tó wà nínú tó sì tún wà níta ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ṣé ó tọ̀nà bó ṣe fi ohùn opó àǹkù rẹ̀ sínú fíìmù láì gba àyè?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, àwọn olùkọ́ fíìmù ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Opó náà kọ̀ láti jókòó síwájú kámẹ́rà. Portillo pè é lórí fóònù, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láì sọ fún un, ó sì lò ó nínú El diablo nunca duerme. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní obìnrin náà lówó, ó ní orúkọ, gbogbo ẹbí ló ń fura sí i, òun nìkan ló sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Àwọn tó ta kò ó ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, ó sì ti ní òun ò sọ̀rọ̀.

Lójú mi, kò yẹ kó ṣe é. Ohun tí a rí gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yẹn ò tó ohun tó gbà lọ́wọ́ obìnrin náà. Mo sì tún mọrírì pé kò gé e kúrò, kò sì fi pamọ́ fún àwọn tó ń wò. Ó jẹ́ kí a gbọ́ ara òun níbi tí òun ti ń tan ìbátan òun láti rí òtítọ́ gbà. Àwọn ìyá tó sọ̀rọ̀ nínú Señorita Extraviada, ọdún méje lẹ́yìn náà, jókòó síwájú kámẹ́rà, wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì mú fọ́tò ọmọ wọn wá.